Ta Ló Ń Ṣe Fèrèsé fún Ilẹ̀?

Wọ́n ti tú gbogbo àjà ilé náà palẹ̀, Bàbá Gúnrégé ò sí níbẹ̀.

Kí-Ló-Dé dúró láàárín pálọ̀, ó gbójú sókè bí adìẹ tó ń mumi. Ìdí páànù ló ń wò, àti àwọn igi òrùlé tó dábùú ara wọn bí egungun ìhà màlúù tí wọ́n ti jẹ ẹran rẹ̀ tán. Oòrùn ń gba ojú ihò ìṣó wọlé tín-ín-rín tín-ín-rín. Pákó àjà kan ṣoṣo ò kù lókè.

"Sájẹ́ǹtì, èèyàn lẹ̀ ń wá ni, àbí ilé lẹ̀ ń wó?"

Sájẹ́ǹtì fa bẹ́líìtì rẹ̀ sókè. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. "Ọ̀gá, bàbá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun wà ní àjà. Àjà la sì wò."

"Kí lẹ rí?"

"Fìlà ẹ̀, ọ̀gá. Àti ìgbẹ́ eku."

"Ẹ kú iṣẹ́. Eku yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́?"

Kí-Ló-Dé kọ́ ni orúkọ tí bàbá obìnrin yìí sọ ọ́. Àwọn ọ̀daràn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kì í kí èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ti wọlé, "kí ló dé?" ni. Bó bá sì bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wàá jẹ́wọ́ èyí tí o ṣe, wàá fi èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò mọ́ ọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní olú iléeṣẹ́ ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi pè é àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́.

Birikila àtijọ́ ni Bàbá Gúnrégé tó ni ilé náà. Bí ògiri bá wọ́ tó ìbú èékánná, yóò ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un mọ kó gún régé, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Télọ̀ ni ọmọ náà, ó ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ó gbé e. "Ọmọ mi, mo wà ní àjà. Tètè wá ṣí…" Ibẹ̀ ni fóònù ti kú. Ọjọ́rú la wà yìí, fóònù náà ò tíì dún mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá kì í fò wà lórí tábìlì nínú pálọ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ mú fìlà yẹn wá."

Wọ́n mú un wá. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbọ̀n ọ́n sórí àtẹ́lẹwọ́. Nǹkan kan ò já bọ́.

"Ibo ló wà?"

"Lórí pákó, létí ihò tí wọ́n ń gbà gòkè àjà."

"Ta ló wà nínú ilé nígbà yẹn?"

"Ta ni ò sí ńbẹ̀, ọ̀gá? Ọmọ bàbá obìnrin, ọmọ bàbá ọkùnrin, àwọn aládùúgbò. Ilé kún bámú."

"Ẹ wo orí yín nínú dígí." Orí Sájẹ́ǹtì funfun bí orí ẹni tó fi àpò símẹ́ńtì ṣe ìrọ̀rí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn gòkè lọ wò ó lẹ dà báyìí. Fìlà yìí sùn sórí eruku kan náà, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n jù ú síbẹ̀ ni. Ẹnì kan ń fẹ́ ká máa wòkè."

"Akunlé ni, ọ̀gá! Ẹni tó ń bá bàbá kun ilé. Òun àti bàbá jà. Àkàsọ̀ ẹ̀ la bá lábẹ́ ihò yẹn. Ó ti wà ní àtìmọ́lé."

"Ibo lẹ ti mú un?"

"Ní géètì, bá a ṣe ń wọlé."

"Ọmọ bàbá obìnrin torí bọ ihò yẹn kẹ́ ẹ tó dé, kò rí fìlà. Ẹ mú akunlé ní géètì, ẹ tó wọlé. Ọwọ́ ta ló wá fi ju fìlà sókè?"

Sájẹ́ǹtì tún fa bẹ́líìtì rẹ̀ sókè.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni Kí-Ló-Dé wí. "Ẹ̀yin ti sọmọ lórúkọ, ẹ ò tíì wolé."

Ó jáde sí ìloro. Ọmọ bàbá obìnrin jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, téèpù ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé bí ìgbà tó sáré kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kó lọ sílé, kò lọ.

"Ẹ rí wọn, mà?"

"A ò tíì rí wọn."

"Wọn ò lo oògùn láti ọjọ́ yẹn."

"Mo rí i lórí tábìlì."

"Ṣé ẹ rò pé wọ́n ṣì wà láàyè?"

Ẹlòmíì ì bá ní Ọlọ́run á ṣe é. Kí-Ló-Dé kì í fi Ọlọ́run san gbèsè tí òun fúnra rẹ̀ jẹ. "Tó bá ní omi lọ́dọ̀, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àkókò ń lọ, Télọ̀. Mi ò ní parọ́ fún ẹ."

Ọmọbìnrin náà mi orí. Kò dìde kúrò níbẹ̀.

*

Ọ̀dà funfun ti gbẹ sí etí akunlé méjèèjì. Ìgbátí ti mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀dà ló dé, mà. Ọ̀dà ni mo wá kùn, wọ́n ní mo fi bàbá po ọ̀dà."

"Kí ló dá ìjà sílẹ̀?"

"Bàbá ní ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn dà bí ojú ẹni tó sunkún, pé ọ̀dà ń ṣàn. Mo ní ògiri tí wọ́n kọ́ ló ń mu ọ̀dà bí ọ̀mùtí. Ni wọ́n bá ju búrọ́ọ̀ṣì lù mí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo dúpẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ò pọ̀ níta."

"Àkàsọ̀ ẹ ń ṣe kí ni nínú pálọ̀?"

"Mà, akunlé tí ò bá ní àkàsọ̀, kí ló fẹ́ fi dé òkè ògiri? Ìyẹ́?"

Kí-Ló-Dé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Èèyàn tó bá ń kun ilé máa ń gbọ́ ohun tí ògiri gbọ́. Kí lo gbọ́?"

Akunlé wo ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá àti ọmọ wọn ọkùnrin ń jà nínú iyẹ̀wù. Agbaṣẹ́ṣe yẹn. Òun ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ aláràbarà tó wà lẹ́yìn pápá. Bàbá ní, 'Mo fi òòlù kan òpó yẹn, mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀ ju símẹ́ńtì lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó sábẹ́ ẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà bá bi mí lọ́jọ́bọ̀, mi ò ní fi ọjọ́ ogbó parọ́.' Ọmọ wá ní, 'Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí ni?' Bàbá ní, 'Òpó tìẹ ló fẹ́ pa èèyàn.'"

"O sọ èyí fún Sájẹ́ǹtì?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n ní kí n panu mọ́ títí wọ́n á fi bi mí." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Wọn ò tíì bi mí."

*

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ni agbaṣẹ́ṣe ń jókòó sí nísàlẹ̀. Ó ti tẹ́ tábìlì sáàárín àwọn òpó tó dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, irin ṣì yọrí lókè wọn bí irun tí wọn ò gẹ̀. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Ojú rẹ̀ nìkan ló pọ́n, bí ojú ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mọ̀mí. Ẹ jókòó."

"Mi ò bí ẹ. Kí ló dé?"

"Bàbá mi tó sọnù ló dé o. Ẹ bá mi wá wọn."

"Lọ́la ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ilé ẹ̀kọ́ tó o kọ́. Kí ni bàbá ẹ fẹ́ lọ sọ níbẹ̀?"

"Pé iṣẹ́ mi dáa. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́, ta ló tún lè mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ?"

"Mo gbọ́ pé nǹkan mìíràn ló fẹ́ sọ."

"Lẹ́nu akunlé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mọ̀mí. Òun nìkan ló wà nínú ilé yàtọ̀ sí àwa, òun lẹ sì tì mọ́lé. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, kí ni ò ní sọ kó lè jáde?"

Kí-Ló-Dé gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé èyí dáa. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ í rẹ́ bí ògiri, kò sí ibi tí ọwọ́ ti lè mú un.

"Ó dáa. Bàbá ní òun wà ní àjà. Báwo lo ṣe rò pé ó débẹ̀?"

"Mi ò gbà pé wọ́n débẹ̀ rárá. Àbúrò mi ò gbọ́ fóònù yẹn dáadáa, ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo létí ẹ̀. Ẹ wo bàbá tí eékún ń dùn, tó ń di ògiri mú kí wọ́n tó rìn. Ta ló máa sọ pé irú wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà? Àwọn ọlọ́pàá yín kàn ba sílìn wa jẹ́ lásán ni."

Nǹkan kan ta Kí-Ló-Dé létí. Ó dà bí ìgbà tí ìṣó bá yọrí nínú bàtà: ẹsẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ojú ò tíì rí i. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà.

Agbaṣẹ́ṣe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ máa ṣí ilé fún wa? Ọlọ́pàá tó wà ní géètì ò jẹ́ kí n wọlé láti ọjọ́ Ajé. Mo lọ lánàá, ó lé mi. Mo lọ láàárọ̀ yìí."

"Kí lo fẹ́ mú?"

"Aṣọ bàbá."

"Bàbá tó sọnù, ta ló fẹ́ wọ aṣọ ọ̀hún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Kí ọlọ́pàá dúró níta. Ẹ jọ̀ọ́."

Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́ láàárín àwọn òpó yẹn. Kí-Ló-Dé rí òógùn náà. Ó rò pé ẹ̀rí ló fẹ́ lọ pa run.

"Ó di ìgbà tá a bá rí bàbá ẹ," ó dá a lóhùn, ó sì dìde.

*

Nígbà tó padà dé ilé Bàbá Gúnrégé, kò wọlé. Ó dúró sí òdìkejì títì, ó ń wo ilé náà látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún un fẹ́.

Ilé tó dáa ni. Òrùlé rẹ̀ dà sílẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, etí páànù ò sì yọ ju ara wọn lọ. Àwọn fèrèsé tẹ̀ lókè bí ìpéǹpéjú, àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà nípọn, òpó róbótó ló gbé ìloro dúró, igun ògiri mú bí abẹ. Kò sí ibi tó wọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ilé náà ga. Èèyàn ní láti gun àtẹ̀gùn kó tó dé ìloro, ibi tí ilẹ̀ pálọ̀ wà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àyà ẹni tó dúró níta.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé omi máa ń ya wọ àdúgbò yìí?"

"Rárá, ọ̀gá. Orí òkè la wà."

"Ilé tí ò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kí ló gbé e sókè tó báyẹn?"

"Ìgbéraga, ọ̀gá."

"Birikila kì í fi búlọ́ọ̀kù gbéraga. Ó ń wọni lọ́rùn jù."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé gbàgede ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti ń da pákó àjà sí látojú fèrèsé láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti dà á jọ pelemọ, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ògiri láti igun dé igun. Òjò òru àná ti rin pákó náà, ó wú, eruku ara rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ara ilé pinpin. Kí-Ló-Dé ń kọjá lọ ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ibì kan ní ìpẹ̀kun òkìtì náà, níbi tí pákó ò bò tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni. Irú èyí tí wọ́n máa ń tò sókè balùwẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde. Èyí wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko.

Ó fa pákó kan sẹ́yìn. Búlọ́ọ̀kù oníhò mìíràn. Ó fa òmíràn.

"Sájẹ́ǹtì. Ta ló ń ṣe fèrèsé fún ilẹ̀?"

"Ọ̀gá?"

"Pálọ̀ ní fèrèsé tiẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Iyẹ̀wù ní tiẹ̀. Èyí wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ilé. Ta ló ń mí níbẹ̀?"

Ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé tí ìṣó inú bàtà fi gún un. *Ta ló máa sọ pé irú wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà?* Láti ọjọ́ Ajé, gbogbo ẹni tó dárúkọ àjà ló ń gòkè: Télọ̀ gòkè, Sájẹ́ǹtì gòkè, fìlà pàápàá gòkè. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá sì tú palẹ̀ lókè, sílìn ló pè é, bí àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe ń pè é. Lẹ́nu ọkùnrin yẹn, òkè ní orúkọ tiẹ̀, àjà sì ní àyè tiẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti jábọ́ níwájú rẹ̀, òun sì jókòó síbẹ̀, ó ń wo òógùn.

"Àjà ilẹ̀!" Ó ti ń sáré. "Àjà ilẹ̀, Sájẹ́ǹtì! Àjà òkè la wò! Ẹ kó pákó yìí kúrò! Gbogbo ẹ̀!"

Télọ̀ dìde lórí àtẹ̀gùn.

"Ṣé o mọ̀ pé ilé yìí ní àjà lábẹ́?"

"Lábẹ́ kẹ̀? Mi ò mọ̀, mà. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo dàgbà sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé níbí, àwọn ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá…" Ó dákẹ́. Kí-Ló-Dé rí i bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ fúnra rẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀.

Nínú pálọ̀, ó fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀: kì. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀: kì. Nínú iyẹ̀wù: gbùú. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wà níbẹ̀, ojú ilẹ̀ ti ha níbi tí wọ́n ti wọ́ ọ láti ara ògiri wá sí àárín. Èjìká ọlọ́pàá méjì ni wọ́n fi tì í. Abẹ́ rẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì wà, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀kùn pákó wà, pẹrẹsẹ lójú ilẹ̀, irin ìdábùú sì ti há a látòkè.

Wọ́n ṣí i. Ooru tó ti pẹ́ níbi kan ló kọ́kọ́ jáde.

"Bàbá!" ni Télọ̀ ké. "Bàbá, èmi ni!"

Inú ilẹ̀ ò dá a lóhùn.

*

Kí-Ló-Dé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Yàrá kékeré ni, ògiri rẹ̀ gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Irinṣẹ́ birikila wà létòlétò lórí pẹpẹ. Kẹ́ẹ̀gì omi kan dùbúlẹ̀, ó gbẹ. Ọ̀rá búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa bí ẹni tó ṣì fẹ́ lò ó fún nǹkan.

Lábẹ́ àwọn ihò atẹ́gùn ni Bàbá Gúnrégé wà. Ó ti gun àpótí irinṣẹ́ kó lè dé ibẹ̀, ó sì ti ṣubú lórí rẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ti fi gbẹ́ ojú ihò kan di gbàǹgbà, ó gbẹ́ ẹ títí irin fi kan pákó, ó sì gbẹ́ pákó náà. Pákó àjà ni. Èyí tí àwọn tó ń wá a kó dí i.

Kí-Ló-Dé fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Dókítà tí wọ́n pè ò ṣe àlàyé púpọ̀. "Kò sí egbò. Àgbà ni, kò lo oògùn, omi tán. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ tán. Atẹ́gùn ni. Òwúrọ̀ yìí, tàbí òru àná."

Òru àná ni òjò rọ̀.

Sájẹ́ǹtì ti jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀wù, ó ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lórí. Ó dà bí ẹni pé ikùn rẹ̀ ti fò lọ. "Ọ̀gá, àwa la kó pákó yẹn síbẹ̀."

"Àwa ni."

"Ọ̀gá, a ń rìn lórí wọn. Bàtà wa. Wọ́n ń gbọ́ wa."

"Wọ́n gbọ́ wa."

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá?"

"Màá sọ ọ́. Màá sọ ọ́ sójú wọn. Wọ́n á ní kí n rọra." Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Ẹ lọ mú ọmọ bàbá ọkùnrin wá. Ẹ tú akunlé sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́."

*

Agbaṣẹ́ṣe ò janpata. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé òkú ni wọ́n bá, ó fi orí sọlẹ̀ lórí tábìlì ní ọ́fíìsì Kí-Ló-Dé, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ fi wọ́n síbẹ̀ títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó tán ni," ó ń wí. "Mo ní kí wọ́n bá mi mú irinṣẹ́ kan nísàlẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo ti gbé omi síbẹ̀, mo gbé búrẹ́dì síbẹ̀. Àràárọ̀ ni mo fẹ́ máa lọ wò wọ́n. Mi ò rántí pé fóònù wà lápò wọn. Ẹ̀yin lẹ ti ilé pa. Mo wá, ẹ lé mi. Mo bẹ̀ yín lónìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀!"

"Àwa la ti ilé pa. Òótọ́ ni. Ta ló ti ẹnu ẹ pa?"

Ọkùnrin náà gbórí sókè, ó ń wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Àbúrò ẹ ní 'àjà', gbogbo wa wòkè. Ọ̀rọ̀ kan ló kù kó o fi kún un. 'Ilẹ̀.' Ọmọ ọdún méjì lè pè é. Dípò kó o pè é, o ju fìlà bàbá ẹ sókè."

"Tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi ti parí. Ẹ̀wọ̀n ni."

"Ibo lo wà báyìí?"

Ó tún fi orí sọlẹ̀.

Kí-Ló-Dé gbé fóònù, ó pe alága ìgbìmọ̀ níwájú rẹ̀, ó tú ohùn síta. Ó sọ ohun tí akunlé gbọ́. Alága kẹ́dùn púpọ̀, ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń kà á jáde. Ó ní bàbá nìkan ló yẹ òpó náà wò. Ó ní ohun tí akunlé gbọ́ lẹ́yìn ògiri kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ní wọ́n ti kun ilé ẹ̀kọ́ náà tán, àwọn òbí ti ra aṣọ tuntun fún ọmọ, ó sì dun òun pé kò sí ẹlẹ́rìí mọ́. Ó ní ó dàárọ̀.

"O gbọ́ ọ," ni Kí-Ló-Dé sọ fún agbaṣẹ́ṣe. "Wọ́n á kó ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀. Sọ fún mi, òpó mélòó ló jẹ́ iyanrìn? Èyí tó wà níwájú ni, àbí gbogbo ẹ̀? Bàbá ẹ kú torí ìdáhùn yẹn. Dá mi lóhùn."

Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti tún dán. "Lọ́yà mi ní kí n má sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́."

Kí-Ló-Dé tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì wo ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Télọ̀ ni. Wọn ò dá a dúró níta. Ta ni yóò dá a dúró? Ó wọlé, ó dúró síwájú tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì mọ́ ara wọn.

Agbaṣẹ́ṣe dìde bí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe jẹ́ kó lè dìde mọ.

"Lọ́jọ́ Ajé," ni Télọ̀ wí jẹ́jẹ́, "nígbà tí mo torí bọ òkè yẹn, tí mò ń pariwo, Bàbá, Bàbá, tí eruku ń bọ́ sí mi lẹ́nu, àkàsọ̀ yẹn ń mì. Ta ló bá mi di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú?"

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè.

"Ìwọ ni," ni Télọ̀ sọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọbìnrin yẹn, "ẹ" ló ń lò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ẹ káàárọ̀, ẹ jẹun, ẹ rọra. Kí-Ló-Dé rí i bí "ìwọ" náà ṣe bà á, ó bà á ju ohun gbogbo tí òun ti sọ láti àárọ̀ lọ.

"Àbúrò mi," ó bẹ̀rẹ̀.

"O ní àbúrò?" ni Télọ̀ bèèrè.

Ó yí padà, ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn.